Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá labalábá ń ti igbó kan dé èkejì l'Abẹ́òkúta

Tẹ́ ẹ bá gun òkè Olúmọ tẹ́ ẹ bojú wolẹ̀, páànù tó ti dípẹtà lẹ máa kọ́kọ́ rí, àmọ́ ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa, igbó ṣì wà láàárín páànù yẹn o. Òmíràn wà létí odò Ògùn, òmíràn há sáàárín àpáta tẹ́nikẹ́ni ò lè kọ́lé sí, òmíràn jẹ́ igbó orò táwọn àgbà ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn, òmíràn sì kàn jẹ́ ilẹ̀ tẹ́nìkan rà tí ò tíì rówó kọ́. Labalábá wà nínú gbogbo ẹ̀. Ṣé ti ìhín wá máa ń dé ọ̀hún, àbí ńṣe ni kálukú há mọ́ igbó tiẹ̀ títí tó fi máa kú? Ẹ lè wádìí ẹ̀ fúnra yín, kò gba dìgírì, kò gba owó tabua, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ni mo fẹ́ sọ yìí.

Ìdí tó fi yẹ ká mọ̀ ni pé igbó kékeré ò láàbò. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ lè jó o mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹnìkan lè gbé katapílà wọ̀ ọ́, wọ́n lè fín oògùn sóko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí atẹ́gùn gbé e wọlé, labalábá inú ẹ̀ á sì tán pátá. Tí òmíràn bá lè fò wá láti ibòmíì, igbó yẹn á tún kún, tí ò bá sì sọ́nà, ó parí nìyẹn. Richard Levins, onísáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1969 nígbà tó ń ronú lórí bí wọ́n ṣe lè kápá kòkòrò tó ń ba oko jẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Ilkka Hanski, onísáyẹ́ǹsì ará Finland, wá lọ fi labalábá gidi dán an wò ní erékùṣù Åland ní Finland. Pápá kéékèèké tó tó 4,000 ló wà níbẹ̀ tí labalábá kan tí wọ́n ń pè ní Melitaea cinxia lè gbé, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún, díẹ̀ nínú ẹ̀ ló sì máa ń ní labalábá nínú, àwọn díẹ̀ yẹn gan-an ò sì dúró sójú kan, bí ibí ṣe ń kú ni ọ̀hún ń jí. Torí náà tẹ́ ẹ bá wọ igbó kan tẹ́ ò rí ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ má bínú kúrò níbẹ̀, ẹ kọ òdo sínú ìwé yín. Òdo yẹn máa wúlò lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ má wá ka gbogbo labalábá sí ọ̀kan náà o. Abẹ́òkúta wà níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, torí náà a ní èyí tó fẹ́ràn oòrùn, a sì ní èyí tí kì í kúrò lábẹ́ òjìji. Mo máa fi orúkọ táwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n pè wọ́n kẹ́ ẹ lè wá fótò wọn lórí Google. Papilio demodocus, ìyẹn ńlá dúdú tó ní àmì yẹ́lò káàkiri ara tẹ́ ẹ máa ń rí nídìí ọsàn, ewé ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń yé ẹyin sí, ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà ní kọ́ḿpáùn lọ́tùn-ún lósì, kí ló kàn án bóyá igbó já tàbí kò já, gbogbo ìlú nilé ẹ̀. Ẹ wá wo àwọn Euphaedra, àwọn tó ń dán bíi búlúù àti gírínì, tí wọ́n ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi, tí wọ́n ń jẹ èso tó já bọ́ sílẹ̀. Tíyẹn bá dé etí igbó níbi tí oòrùn ti ń ta, ńṣe ló máa ń ṣẹ́rí padà. Títì kan náà tí Papilio fò kọjá láì wẹ̀yìn, ògiri ni lójú Euphaedra. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé eléyìí: ohun tó wà láàárín igbó méjì ló ń dá labalábá dúró ju bí igbó méjèèjì ṣe jìnnà síra lọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ mú méjì péré, ọ̀kan tó fẹ́ràn oòrùn, ọ̀kan tó fẹ́ràn òjìji, kẹ́ ẹ lè fi wọ́n wéra. Fún ti òjìji, ẹ mú Bicyclus, àwọn kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní àmì rogodo bí ojú lábẹ́ ìyẹ́, wọ́n pọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà débi pé mímú wọn ò le. Àmọ́ o, tó bá di ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ àmì ojú yẹn máa ń kéré gan-an, òmíràn ẹ ò ní rí i mọ́ rárá, kì í ṣe pé irú míì ló dé, ọ̀kan náà ni, ó kàn yí aṣọ padà kó lè jọ ewé gbígbẹ ni. Fún ti oòrùn, Danaus chrysippus ni mo máa mú, èyí tó láwọ̀ ọsàn tí etí ìyẹ́ ẹ̀ dúdú, tó ń fò jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kò sì bẹ̀rù lóòótọ́, torí bomubomu ló jẹ dàgbà, oró bomubomu wà lára ẹ̀, ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lápá ibi tiwa níhìn-ín ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn funfun, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú. Èyí tó máa dà yín láàmú ni abo Hypolimnas misippus tó jọ ọ́ bí ìbejì, kò lóró kankan, ó kàn ń fi ìrísí ẹni ẹlẹ́ni jẹun ni. Ẹ wo ìyẹ́ ẹ̀yìn: tí àmì dúdú mẹ́ta mẹ́rin bá wà láàárín ẹ̀, Danaus ni, tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà lápá òkè, Hypolimnas ni. Akọ Hypolimnas ò ṣòroó mọ̀, dúdú ni pẹ̀lú àmì funfun ràgàjì.

Kẹ́ ẹ tó jáde rárá, ẹ ṣí Google Maps lórí fóònù, ẹ gbé e sí sátáláìtì, kẹ́ ẹ wo àdúgbò yín látòkè. Ẹ mú igbó bíi mẹ́rin márùn-ún tẹ́sẹ̀ yín lè dé, ẹ fún wọn lórúkọ, kẹ́ ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín wọn láti etí igbó dé etí igbó, kì í ṣe láti àárín dé àárín. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí nìyẹn, wọ́n á ní 300 mítà, ó ti tán. Kò tíì tán. Ẹ kọ ohun tó wà nínú 300 mítà yẹn: ṣé oko ẹ̀gẹ́ ni, ṣé ilé tó fara kan ilé, ṣé títì ọlọ́nà méjì, ṣé ẹsẹ̀ odò tígi wà léti ẹ̀, ṣé ẹ̀sítéètì tí wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ ẹ̀ láti géètì dé géètì tí koríko kan ò lè mí. Lọ́dún 2001, Taylor Ricketts tẹ iṣẹ́ tó ṣe ní Colorado jáde, ó sàmì sí labalábá orí pápá, ó rí i pé fún irú mẹ́rin nínú mẹ́fà, igbó àwọn igi tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́ tó wà láàárín pápá méjì le kọjá tó ìlọ́po 3 sí 12 ju igbó igi kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní willow lọ. Ẹ sì má gbàgbé pé òmíràn wà tí ò sóhun tó dí i lọ́nà tí ò sì ní lọ ibì kankan. Paul Ehrlich bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí labalábá kan tí wọ́n ń pè ní Euphydryas editha ní Jasper Ridge ní California lọ́dún 1960, koríko lásán ló wà níbẹ̀, kò sógiri kò sódò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn dúró síbi tí wọ́n ti mú wọn.

Ẹ gbàṣẹ o. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju nẹ́ẹ̀tì lọ. Igbó orò, ẹ lọ rí àwọn àgbà tó ni í, tí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni, ẹ jókòó sétí ẹ̀ lóde kẹ́ ẹ máa wo ohun tó ń jáde, kẹ́ ẹ sì mọ ọjọ́ tórò máa jáde kẹ́ ẹ má lọ pàdé ohun tí ò yẹ. Ilẹ̀ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, láwọn aláṣẹ, igbó ìjọba náà láwọn aláṣẹ. Ilẹ̀ àdáni, ẹni tó bá rí yín pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì àti fóònù á rò pé ẹ wá wọn ilẹ̀ tà ni, ọmọ onílẹ̀ á sì yọ sí yín, torí náà ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ má dá lọ, ẹ wọ bàtà rọ́bà tó ga, ejò wà.

Irinṣẹ́ ò pọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn funfun tó rọ̀, kí télọ̀ rán an bí àpò tó gùn, kẹ́ ẹ fi wáyà ṣe ẹnu ẹ̀ rogodo, ẹ so ó mọ́ igi ìgbálẹ̀ tàbí ọparun tó fúyẹ́. Kí àpò yẹn gùn dáadáa, tórí tí labalábá bá ti wọlé ẹ máa yí nẹ́ẹ̀tì dà kí àpò ẹ̀ ká lé ẹnu ẹ̀, kò ní rọ́nà jáde. Fún Bicyclus àti Euphaedra, pàkúté èso ló dáa jù. Ẹ rán nẹ́ẹ̀tì bí sílíńdà, ẹ dí òkè ẹ̀, ẹ ṣí ìsàlẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá so abọ́ pílásítíìkì pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ̀, kí àlàfo ìka méjì wà láàárín abọ́ àti etí nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rà lẹ máa gún, ẹ da ẹmu tàbí bíà díẹ̀ sí i, ẹ dé e pa kó kan fún ọjọ́ méjì, ẹ gbé e sínú abọ́. Á wọlé, á jẹun, tó bá yó òkè ló máa fò sí, kò ní rántí pé ìsàlẹ̀ lòun gbà wọlé. Ẹ fi gírísì pa okùn tẹ́ ẹ fi so ó kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èèrà á débẹ̀ ṣáájú yín, ìyẹ́ nìkan lẹ máa bá. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tẹ́ ò bá ní lè padà wá ẹ kúkú má gbé e kọ́.

Ó wá ku sísàmì, ibẹ̀ ló gba ọwọ́. A máa ń ní labalábá tó bá dìgbò lẹ̀gún aṣọ ẹ̀ á fàya, tọ́wọ́ yín bá le, ẹ̀yin gan-an lẹ̀gún yẹn. Ẹ dúró títí tó fi máa pa ìyẹ́ ẹ̀ dé nínú nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá fi àtàńpàkò àtìka ìfábẹ̀là dì í mú látòde nẹ́ẹ̀tì, kí ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ sókè ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ dì í súnmọ́ ara ẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ní ṣóńṣó ìyẹ́ níbi tó ti máa ya. Ẹ má fún ara ẹ̀ pọ̀. Ìyẹ̀fun díẹ̀ á kù sọ́wọ́ yín, ìyẹn ò pa á, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ pa á kiri tó pọ̀ jù ó máa ṣe é ní jàǹbá. Abẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn lẹ máa kọ nọ́ńbà sí torí tó bá bà tó sì pa ìyẹ́ dé, ẹ lè kà á láì tún mú un. Mákà tí omi ò lè fọ̀, ẹnu ẹ̀ tín-ín-rín, lẹ máa lò, tí ìyẹ́ bá dúdú ẹ lo mákà fàdákà. Nọ́ńbà kan fún ẹyọ kan, ẹ má tún un lò láéláé, kódà ní igbó míì, torí gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lórí pé tẹ́ ẹ bá rí 27 ẹ mọ̀ pé igbó ẹ̀bá odò la ti mú 27. Àwọn kéékèèké bí èékánná, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò gba mákà. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ má jù ú sókè bí ẹyẹlé ìgbéyàwó, ẹ gbé e lé ewé níbi tí òjìji wà, á lọ nígbà tó bá wù ú.

Nínú ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà, irú ẹ̀, akọ tàbí abo tẹ́ ẹ bá mọ̀, ọjọ́, aago, igbó tó jẹ́, ohun tí GPS fóònù sọ (lábẹ́ igi ó lè fi ọ̀pọ̀ mítà ṣìnà, kò burú), àti bóyá ìyẹ́ ẹ̀ ṣì tuntun tàbí ó ti gbó tó ti ya. Tìyẹ́ gbígbó yẹn làwọn èèyàn kì í kọ, ó sì wúlò, torí èyí tó ti gbó ti pẹ́ láyé, kò dájú pé ẹ máa tún un rí.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló dáa jù lọ́jọ́ tóòrùn bá ràn, àárọ̀ kùtù ara wọn ò tíì gbóná tó láti fò, tí òjò bá ṣú ẹ padà sílé. Láti September sí November tí òjò ń lọ sópin wọ́n máa ń pọ̀ dáadáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lè tún lọ nígbà ọyẹ́ náà ẹ lọ, torí ìgbà yẹn ni iná ń jó pápá, ẹ máa wá rí i bí gbogbo wọn ṣe sá lọ sẹ́sẹ̀ odò níbi tígi ṣì tutù. Tẹ́ ẹ bá ń wá akọ, ẹ lọ síbi yanrìn tútù létí odò, iyọ̀ inú ilẹ̀ ni wọ́n ń mu níbẹ̀, tàbí ẹ gun orí àpáta, akọ irú àwọn kan máa ń dúró sókè níbẹ̀ de abo. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibi méjèèjì yìí nìkan lẹ wá, akọ nìkan lẹ máa kà, abo tó ti gbẹyin dání ló sì lè dá ìdílé tuntun sílẹ̀ nínú igbó tó ti ṣófo. Ẹ wá abo nídìí ewé tó ń yé sí.

Tẹ́ ò bá fẹ́ mú labalábá rárá, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo eléyìí lọ. Ẹ gbé àga pelebe, omi àtìwé, ẹ jókòó sétí igbó fún wákàtí kan. Gbogbo labalábá tó bá dé etí yẹn, ẹ kọ ohun tó ṣe: ó kọjá, ó yí padà, àbí ó ń fò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́ láì jáde. Ẹ ṣe é níbi tí igbó ti kan títì, ẹ tún ṣe é níbi tó ti kan oko, ẹ tún ṣe é níbi tó ti kan ògiri bíríkì. Ọ̀sán mẹ́ta péré, ẹ ti máa mọ ohun tó ń dà wọ́n padà ju ẹni tó ń fi nẹ́ẹ̀tì sáré kiri lọ. Ẹ wo bó ṣe ga tó náà, tori òmíràn wà tó máa fò gba orí ògiri, òmíràn á sì rìn lẹ́bàá ògiri títí táá fi rí ihò géètì.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ka ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ ṣọ́ra. Ká ní ẹ sàmì sí 100, ẹ tún rí 20, ẹyọ méjì nínú ẹ̀ wá wà ní igbó míì. Ọgọ́rin tó kù ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé wọ́n kú, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti lọ ibi tẹ́ ò wá dé, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n wà níwájú yín tẹ́ ò rí wọn. Ẹ ò lè sọ pé wọn ò kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ pé igbó tó jìnnà jù tẹ́ ẹ wá ò ju 500 mítà lọ, ẹ má wá sọ pé labalábá yìí ò lè rìn ju 500 mítà, ibi tẹ́sẹ̀ yín dé lẹ wọ̀n níyẹn. Bẹ́ ẹ ṣe ń jìnnà sí ibi tẹ́ ẹ ti mú un ni ilẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ wá ń fẹ̀ sí i, rírí ẹ̀ á sì máa le sí i. Wákàtí tẹ́ ẹ lò níbí kó dọ́gba pẹ̀lú wákàtí tẹ́ ẹ lò lọ́hùn-ún. Ẹyọ kan tó bá dé igbó kejì, ẹ̀rí ni pé ọ̀nà wà. Òdo ò jẹ́rìí pé ọ̀nà ò sí.

Tó bá ti hàn síi yín pé ibì kan ti dí, ẹ lè ṣí i. Nick Haddad tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 1999 láti Savannah River ní South Carolina: nínú igbó páìnì ńlá ni wọ́n ti la àyè gbalasa kéékèèké, wọ́n fi ọ̀nà tóóró tó ṣí so àwọn kan pọ̀, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ láì so. Junonia coenia àti Euptoieta claudia, àwọn méjèèjì ọmọ oòrùn, lọ síbi tí wọ́n so pọ̀ ju ibi tí wọn ò so lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé igbó ló dí wọn lọ́nà níbẹ̀ o, òdìkejì Euphaedra tiwa. Torí náà ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń la ọ̀nà fún. Fún ti òjìji, ọ̀nà tó dáa jù l'Abẹ́òkúta ni ẹsẹ̀ odò, ẹ bá àdúgbò sọ ọ́ kí wọ́n má gé igi etí ẹ̀ tán, kódà tó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló kù, kí ìlà yẹn má já. Fún ti oòrùn, kọ́ḿpáùn yín lè di ibi ìsinmi láàárín igbó méjì.

Òdòdó nìkan ò tó, oúnjẹ àgbà lomi inú òdòdó, ọmọ ẹ̀, ìyẹn kòkòrò tó máa di labalábá, ò lè jẹ ẹ́, ewé tó máa yé ẹyin sí ni labalábá ń wá. Ọsàn wẹ́wẹ́ fún Papilio demodocus. Asùnwọ̀n fún Catopsilia florella, yẹ́lò ráńpẹ́ àti funfun tó máa ń sáré kọjá. Àbo tàbí sawasap fún Graphium angolanus. Lóbìrí fún Junonia oenone, ìyẹn dúdú àti yẹ́lò tó ní àmì búlúù méjì, ọmọ ìyá Junonia coenia ti Haddad. Bomubomu fún Danaus, ìyẹn ewé tí wọ́n fi ń ṣe wàrà, àmọ́ oje ẹ̀ burú fójú, ẹ gbìn ín síbi tọ́mọdé ò lè fọwọ́ kàn. Tí kòkòrò bá wá ń jẹ ewé yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fín oògùn sí i, torí ẹ̀ lẹ ṣe gbìn ín. Máńgòrò tó já bọ́, ẹ má gbá gbogbo ẹ̀ dànù, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ẹ má gbé labalábá láti igbó kan lọ jù sí òmíràn láti ràn án lọ́wọ́, ẹ máa ba àkọsílẹ̀ yín jẹ́, ẹ sì lè kó àìsàn ọ̀hún wá síbí. Fótò gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá rí, ẹ gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn ń gbé fótò ẹranko àti ewéko tí wọ́n rí sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti rí i, àwọn tó mọ̀ ọ́n á bá yín tún orúkọ ẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ bá ṣì í pè. Ẹ sọ fáwọn ará àdúgbò tó wà láàárín igbó yín náà pé tí wọ́n bá rí labalábá tó ní nọ́ńbà lábẹ́ ìyẹ́, kí wọ́n má lé e, kí wọ́n ya fótò nọ́ńbà yẹn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pẹ̀lú orúkọ àdúgbò tí wọ́n ti rí i.